Èmi Kọ́ Ni Mo Dáná Sun Ẹ́ńjìnnì Àlàájà

Wọ́n ní èmi ni mo sun ún, Bàbá! Èmi Gbádé! Wọ́n ní iná ọwọ́ mi ló yọ́ písítìnnì lọ́rì Àlàájà Fàósátù bí àbẹ́là, gbogbo Muṣin ló ti gbọ́, láti Agége Mọ́tò Ródù títí dé Ojúwòyè, ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ ìránṣọ náà ń sọ ọ́, ó ń fọwọ́ sí i, ó ń mi orí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irú èyí dára? Ṣé ohun tó yẹ kí ojú ọmọ yín rí nìyí, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tún pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì ṣe ní àdúgbò yìí?

Ẹ ṣeun, mi ò jókòó. Ìdí mi ò gba àga lónìí. Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, torí bí mo bá jókòó, ẹkún ni màá sun, mi ò sì fẹ́ sunkún níwájú yín. Lọ́la ni ìpàdé ẹgbẹ́, àbí lọ́la kọ́? Lọ́la lẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alága wa máa jókòó sórí àga, gbogbo mẹkáníìkì Muṣin á pé, Àlàájà á dìde, á ké, á lu àyà, wọ́n á sì ní kí wọ́n já bọ́ọ̀dù mi lulẹ̀, kí Gbádé má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mọ́ títí ayé. Kí ni kí n wá máa ṣe? Kí n lọ máa ta gúgúrú? Pọ́ǹpù ni mo mọ̀, Bàbá! Òun ni mo fi fẹ́yàwó, òun ni mo fi ń bọ́mọ. Bí ẹ bá ní kí n má tún pọ́ǹpù ṣe mọ́, ẹ kúkú ní kí n má mí mọ́.

Ẹ ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ó dáa. Mo ti ń bọ̀ níbẹ̀, inú ló ń bí mi ni ọ̀rọ̀ fi ń ta kókó lẹ́nu mi.

Túsìdeè tó kọjá, Àkàngbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń wa lọ́rì Àlàájà, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, màá dé orí ìyẹn, ó kó sìmẹ́ǹtì ní Àpápá, ó ń gbé e lọ sí Iléṣà bó ṣe máa ń gbé e. Ẹ ṣáà rí bí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì ṣe kún orí omi lọ́dún yìí, gbogbo ẹni tó ní táyà ló ń gbé sìmẹ́ǹtì. Ó dé ibi òkè kan kó tó wọ Iléṣà, ó ní òun kàn gbọ́ tí nǹkan dún gbì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, agbára kúrò lára ọkọ̀, èéfín dúdú bo ojú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ aago tó ń wọn ooru èéfín, tí mo fi síwájú rẹ̀, fò kọjá pupa. Ọkọ̀ akérò kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bó bá dúró, ẹrù á fà á padà sẹ́yìn, á lọ tẹ àwọn èèyàn yẹn pa. Ó fún un níná títí ó fi dé orí òkè. Orí òkè ni ẹ́ńjìnnì kú sí. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, Ọlọ́run ló ṣe é. Wọ́n wọ́ ọ wá sí Muṣin, wọ́n tú u, wọ́n bá písítìnnì méjì tó ti yọ́.

Ṣé wọ́n wá bi mí? Ṣé ẹnì kan wá ní, "Gbádé, ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, kí lo rò pé ó ṣẹlẹ̀?" Rárá o! Àlàájà já gèlè, ó fi gbàjá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, níwájú àwọn oníbàárà tó wá láti Ìkòròdú, ó ní mo tú iná sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní mo dá ihò sí ẹ́ńjìnnì òun lára, pé ibi ihò yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀ gbà jáde. Ihò! Ihò tí kò tó ẹnu ìka ọmọ ìkókó! Ihò tí mo dá láti ki ẹnu aago ooru bọ̀ ọ́ kí ẹ́ńjìnnì má baà kú, òun ni wọ́n ní ó pa á! Mo fi Bíbélì búra nílé fún Caroline ìyàwó mi, mo sì tún fi irin búra níbí fún ẹ̀yin: bí ihò yẹn bá ní ọwọ́ nínú ikú lọ́rì Àlàájà, kí irin tí mo ń mú jẹun yí padà sí mi.

Ta ló bẹ̀ mí? Ẹ bá mi bi í lọ́la, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló wá bá mi nídìí bẹ́ńṣì, tó ń fọwọ́ pa mí lórí, tó ní, "Gbádé, ọkọ mi, lọ́rì mi ò lè gun òkè, àwọn lọ́rì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń yà á sílẹ̀, bá mi ṣí pọ́ǹpù rẹ̀ kó lágbára"? Àlàájà ni! Mo sì ṣí i. Mi ò sẹ́. Mo ṣí pọ́ǹpù kí epo tó ń wọlé lè pọ̀ sí i, iṣẹ́ mi ni, ìdajì ìyípo sípánà péré ni mo fi kún un. Ó ní kí n tún ṣí i sí i. Ó ní òun fẹ́ kó máa fò. Mo ní Àlàájà, rárá, iná ní ìwọ̀n, epo tó bá ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, ooru ló máa dà. Ó ní ẹ̀rù ń bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ń bà mí! Ẹni tí kò bá bẹ̀rù iná, ẹ má fún un ní sípánà.

Àti pé kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ará ọjà, Bàbá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà nídìí jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìlúpéjú kí n tó wá bá yín níbí. Òyìnbó tó ń bójú tó o, aago ooru èéfín ló máa ń wò ju ojú ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó ní èéfín tó ń jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ooru rẹ̀ ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Aago omi ò lè sọ ọ́. Omi á ṣì tutù nígbà tí inú ti ń yọ́. Bí wọ́n bá fi Fárẹ́náìtì kà á, tó bá wà ní ẹgbẹ̀rún, ẹ máa kọrin lọ. Tó bá dé ẹgbẹ̀fà, ẹ lajú. Ẹgbẹ̀fà lé àádọ́ta, ààlà nìyẹn, ẹ lè fẹsẹ̀ kàn án lórí òkè kí ẹ sì tètè kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje, ẹ ti ń bá ikú ṣeré. Láti ẹgbèje lọ sókè, písítìnnì ò ní dágbére fún yín kó tó yọ́. Èmi ni mo kó gbogbo èyí sórí, mo sì fi ń ṣiṣẹ́ fún àwọn èèyàn tí kò mọ̀ pé ó wà.

Mo ra aago náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Ìjọra. Ẹ sì mọ ìgbín irin tí wọ́n ń pè ní tọ́bò, tí èéfín gbígbóná ń yí, tó sì ń fi yíyí yẹn fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan máa ń ki ẹnu aago bọ ẹ̀yìn ìgbín, níbi páìpù sálẹ́ńsà, torí pé ó rọrùn láti dá ihò síbẹ̀. Irọ́ ló máa pa fún wọn! Kí èéfín tó dé ẹ̀yìn ìgbín, ó ti sọ igba nínú ooru rẹ̀ nù, nígbà mìíràn ó tó ọ̀ọ́dúnrún. Aago á ní ẹgbẹ̀rún, inú á sì ti dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje. Èmi, iwájú ìgbín ni mo dá ihò mi sí, níbi tí òótọ́ wà. Gírísì ni mo fi pa ẹnu ìlu, kí èérún irin lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹyọ kan má bọ́ sínú. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi dá ihò kan, mi ò jẹun ọ̀sán. Òun ni Àlàájà ń pè ní ìwà ìkà.

Àkàngbé ò kàwé púpọ̀, mi ò sì fẹ́ kó máa ka nọ́ńbà nígbà tó bá ń gun òkè. Mo bá Caroline tọrọ kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀, mo fi pupa kun ojú dígí láti ẹgbẹ̀fà lé àádọ́ta lọ. Caroline bínú o! Ó ní èmi ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tó máa kun èékánná fún lọ́rì. Mo wá mú pénǹtì àwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù nínú ti bọ́ọ̀dù mi, mo fi kun ìsàlẹ̀, láti ibi òdo dé irínwó. Mo ní, "Àkàngbé, òfin méjì péré. Abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ pẹ́ nínú pupa. Tó o bá sì fẹ́ paná ẹ́ńjìnnì, o ò gbọdọ̀ paná títí abẹ́rẹ́ á fi padà sínú àwọ̀ ewé. Jẹ́ kó máa mí jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, tó bá di márùn-ún náà kò burú." Torí ọ́ìlì tó ń tu ìgbín yẹn lára, ẹ́ńjìnnì ló ń fún un sókè. Ẹ paná lójijì, ọ́ìlì á dúró lójú kan, irin gbígbóná á sì dín in. Ẹni tó sáré láti Oṣòdì dé ibí, ṣé ẹ máa ń dì í nímú pé kó má mí mọ́ ni?

Oṣù mẹ́ta, Bàbá! Oṣù mẹ́ta gbáko ni lọ́rì yẹn fi ń gun òkè Iléṣà tí Àlàájà ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Bó bá rí mi lójú ọ̀nà, "ọkọ mi" ló ń pè mí, á ní kí n wá gba ẹran jẹ. Àkàngbé pẹ̀lú, ọmọ dáadáa, láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún, kò tíì ha ẹnikẹ́ni lára. Bó bá ti dé, á wá bá mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, lónìí abẹ́rẹ́ fẹ́ wọ pupa, mo bá sọ jíà kalẹ̀, mo dẹ iná." Mo ní o káre. Mo rò pé ohun gbogbo ń lọ dáadáa.

Ẹ wo nǹkan. Lánàá, lẹ́yìn tí Àlàájà ti bú mi tán, mo lọ bẹ àwọn tó tú ẹ́ńjìnnì yẹn pé kí wọ́n yá mi ní ìgbín rẹ̀ nìkan. Òun ló wà nínú àkísà yìí. Ẹ gbà á, ẹ dì í mú, kò ní já yín jẹ. Ẹ wo ọ̀pá tó gba àárín rẹ̀ kọjá, ibi tó ti kán. Ṣé ẹ rí nǹkan dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn? Ẹ fi èékánná ha á. Kò ṣí, àbí? Ọ́ìlì ni, Bàbá. Ọ́ìlì tó jóná mọ́ irin bí ẹ̀kọ ṣe ń jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti paná ẹ́ńjìnnì yẹn nígbà tí ìgbín ṣì pọ́n, ọ́ìlì jóná, ó di èédú, òmíràn tún jóná lé e, títí ọ̀nà ọ́ìlì fi dí. Nígbà tó di Túsìdeè lórí òkè, ọ̀pá gan, ó kán, ìgbín dúró. Atẹ́gùn tán, epo ṣì ń ya wọlé. Ooru fò lọ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, ta ni kò ní yọ́? Kì í ṣe ihò mi, kì í ṣe ìdajì ìyípo mi. Ẹni tó ń paná rẹ̀ nígbà tó gbóná ló ṣe é.

Mo bá sáré lọ bá Àkàngbé. Mo di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ẹ foríjì mí, mo dì í mú gírígírí. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ṣé mi ò fi pénǹtì kùn ún fún ẹ?" Ọmọ náà ò jiyàn. Omi ló ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ní Iléṣà mo máa ń dúró dè é. Ní Ṣágámù mo máa ń dúró dè é, títí àwọn olóúnjẹ á fi máa bú mi pé mò ń fi èéfín pa wọ́n. Ibì kan péré ni mi ò ti lè dúró dè é." Mo ní níbo? Mo ní níbo, kí n tó là ọ́ létí! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ ibẹ̀."

Mo mọ ibẹ̀. Ọwọ́ mi bọ́ lára ẹ̀wù rẹ̀. Mi ò sùn lóru àná, mo kàn ń wo àjà.

Ibí ni, Bàbá. Abẹ́ igi fúrúùtù yìí. Iwájú bẹ́ńṣì tí ẹ jókòó lé yìí.

Ẹ má dìde! Ẹ jọ̀ọ́, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má wọlé, ẹ má tíì wọlé. Mo ti bẹ̀rẹ̀, bí mi ò bá parí rẹ̀ lónìí, ó máa pa mí. Ẹ jókòó, Bàbá mi. Ẹ ṣeun.

Ẹ wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti Agége Mọ́tò Ródù gòkè wá síbí. Ẹ wo ẹrẹ̀ rẹ̀, ẹ wo gọ́tà tó gé e láàárín. Àkàngbé á ti Iléṣà ru pákó bọ̀, ìsọ̀ pákó Àlàájà ló ń lọ ní ìparí òpópónà. Kó tó lè gòkè yìí, jíà kìíní ni, iná ni títí dé ilẹ̀, táyà á máa yọ̀, lọ́rì á máa ké. Ẹ́ńjìnnì ò sì sáré tó kí ìgbín lè fẹ́ atẹ́gùn tó, bẹ́ẹ̀ epo ń wọlé wìtìwìtì. Àárín ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ ti fò wọ pupa. Láti Iléṣà títí dé Muṣin, kò sí ibi tí ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń gbóná tó ibí yìí! Àsìkò tó yẹ kó mí gan-an nìyẹn. Ó bá yọrí, ó bá rí fìlà yín. Kí ló gbọ́dọ̀ ṣe? Ẹ sọ fún mi. Kí ni òfin òpópónà wa? Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá lára Bàbá Ògúntádé láì dúró, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kí Bàbá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń bú lé Bàbá lórí. Paná, bọ́ọ́lẹ̀, dọ̀bálẹ̀. Lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ò rántí? Ẹ rántí, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ tí mo fi aago yẹn sí i gan-an ni. Àkàngbé gòkè, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa mí bí mo ṣe wí, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. Ẹ ò dáhùn. Ẹ kọjú sí ògiri. Ó tún kí yín. Ẹ ní, "Ẹni tó fi ẹ́ńjìnnì kí mi, kí ẹ́ńjìnnì dá a lóhùn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín! Ọmọ náà wà nílẹ̀, kò lè dìde, ṣé ọmọ Yorùbá máa ń dìde kí àgbà tó dáhùn ni? Àwọn èèyàn ń kó jọ. Ta ló wá gun orí lọ́rì lọ, Bàbá? Ta ló fa irin tí wọ́n fi ń paná?

Èmi ni. Èmi Gbádé! Èmi tí mo ṣòfin pé kó má paná, èmi ni mo paná, kí ọmọ náà lè rí ìdáhùn gbà kó sì dìde. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lókè ẹgbẹ̀rún. Mo fojú ara mi rí i, mo sì fa irin. Ǹ bá sọ nígbà yẹn pé, "Bàbá, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́rin." Mi ò sọ ọ́. Mo bọ́ọ́lẹ̀, èmi náà tún sọ fún Àkàngbé pé kó máa bọ̀wọ̀ fágbà. Ìyá rẹ̀, Adùnọlá, gbọ́ nílé, ó wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí, ó kúnlẹ̀ fún yín pé kí ẹ má fi ọmọ òun ré. Láti ọjọ́ náà, bí Àkàngbé bá ti fojú kan yín, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sórí irin yẹn. Ìrìn àjò méjì lọ́sẹ̀, oṣù mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣírò iye ìgbà tí ọ́ìlì yẹn jóná.

Ẹ ní ọ̀wọ̀ kì í ba irin jẹ́? Ó bà á jẹ́, Bàbá. Ẹ ṣì dì í mú lọ́wọ́.

Mi ò ní ẹ burú. Ta ni màá sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ẹ̀yin lẹ bá mi wá àyè tí mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ sọ ọmọ mi àkọ́kọ́ lórúkọ. Nígbà tí ẹ fi òfin yẹn lélẹ̀, mọ́tò Mọ́rísì kéékèèké onípẹtiróò ni gbogbo wa ń tún ṣe, ẹ paná wọn nígbà tó wù yín, kò sí ohun tó máa ṣe wọ́n. Òfin yẹn dára nígbà náà. Àwọn ọmọkùnrin ń gun ọkọ̀ kọjá bí ẹni ń lé eṣinṣin, ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti yàtọ̀, Bàbá, ẹ́ńjìnnì ti yàtọ̀! Àwọn eléyìí ò mọ àgbà, ooru ni wọ́n mọ̀.

Hàà! Ẹ ní kí n sọ ọ́ fúnra mi lọ́la? Níbo? Níwájú ta? Kí n dìde nínú ìpàdé, kí n nàka sí alága, kí n ní ẹ̀yin lẹ ba lọ́rì Àlàájà jẹ́? Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ti bò mí: "Gbádé, ìwọ ń bú Bàbá?" Wọn ò ní já bọ́ọ̀dù mi nìkan, wọ́n á já eyín mi pẹ̀lú. Bí mo bá sọ ọ́, mo di àbíìkọ́. Bí mo bá dákẹ́, mo di ẹni tó sun ẹ́ńjìnnì oníbàárà rẹ̀. Àkàngbé ò sì lè sọ ọ́, ìyá rẹ̀ ti fi ọmú búra fún un pé kò gbọdọ̀ tún fa ẹjọ́ pẹ̀lú yín. Ẹnu kan ṣoṣo ló lè sọ ọ́ tí kò ní di ìjà, ẹnu yín ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àbí ọmọ tuntun kọ́ ni mo jẹ́ sí yín? Àgbà tó bá sì jẹ àjẹ… mi ò parí ẹ̀! Ẹ má bínú, mi ò parí ẹ̀, ẹnu mi ló ń sáré.

Ohun tí mo ń fẹ́ ò pọ̀. Lọ́la, kí Àlàájà tó ké, kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ẹ ní, "Èmi Ògúntádé ni mo ní kí wọ́n máa paná kí wọ́n tó kí mi. Mi ò mọ̀ pé irú ẹ́ńjìnnì yìí gbọ́dọ̀ mí kó tó sùn." Ó parí! Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má mọ̀? Ta ló máa bú yín? Ẹni tó bá bú yín, èmi ni màá kọ́kọ́ gbá a létí. Kí ẹ wá ní láti òní lọ, ẹni tó bá wa ọkọ̀ alátọ́bò, kó jẹ́ kó tutù ná, kó tó wá dọ̀bálẹ̀. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan nù. Èmi, bí ẹ ò bá sọ ọ́, ohun gbogbo ni mo sọ nù.

Bàbá?

Bàbá, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ má kọjú sí ògiri. Ẹ má ṣe mí bí ẹ ti ṣe Àkàngbé, ẹ jọ̀ọ́.

Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wò mí o, mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan ilẹ̀, àgbọ̀n mi kan ilẹ̀, ẹ̀wù tí Caroline fi lúlù fọ̀ ti wọnú ẹrẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá, ẹ dúró, ẹ wá wò ó! Gbádé ló dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ògúntádé, kò bú u o, kò gbé ohùn sókè sí i, ẹ bá mi jẹ́rìí. Rárá, "dìde" kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ má fà mí lápá, ẹ fi mí sílẹ̀, èmi pẹ̀lú Bàbá ni. Mi ò dìde. Kí oòrùn wọ̀, kí òjò rọ̀, kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá mi níbí. Bí ẹ bá ń lọ sí ìpàdé, orí ẹ̀yìn mi lẹ máa gbà kọjá. Ẹ fetí sílẹ̀, Bàbá. Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan tó ń dún ní òpópónà yìí, kò sí ohun tó ń bú lé yín lórí. Mo kí yín o, Bàbá. Ẹ dá mi lóhùn.